Àfiwé Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Gba Odò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí, ọmọ kékeré tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀dá dá nínú igbó. Odò kan ṣoṣo ló kù, Ẹfọ̀n sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi mu. Ìkookò kọ́kọ́ lọ, ó bú u. Ẹfọ̀n fi ìwo lé e. Ẹtù lọ, ó sunkún. Ẹfọ̀n ò tilẹ̀ wò ó. Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ní òun náà á lọ. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó dé etí odò, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹfọ̀n, baba, gbọ́ tèmi —
Omi o, omi!
Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ wẹ́wẹ́ —
Omi o, omi!

"Baba, odò yìí dà bí ọmú ìyá. Ọmọ kan dá a mu, ó lé àwọn àbúrò rẹ̀ dànù. Nígbà tó yó tán, ó wá ẹni tí yóò bá a ṣeré, kò rí ẹnì kan."

Ẹfọ̀n gbé orí sókè, ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé èmi ni ọmọ náà?"

"Baba, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ojú ti Ẹfọ̀n, ó dìde kúrò nínú omi. Gbogbo ẹranko mu àmuyó. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ń yan káàkiri etí odò, ó ń pariwo pé, "Èmi ni mo bí i o!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí èébú àti ẹkún ò lè ṣe, àfiwé ṣe é. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi kọ́lé sí.