Àtẹ́lẹwọ́ Fáníyì Lára Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Fáníyì, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, fi ń fi bébà oníyanrìn ha ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọyẹ́. Ọkọ̀ náà ni yóò gbé ìyá rẹ̀ arúgbó lọ ṣọpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, agolo ọ̀dà kan ṣoṣo ni ó sì ní. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa irin náà lára láti mọ̀ bóyá ó ti jọ̀lọ̀. Bí ó ti gbé afọ́nọ̀dà láti kun ilẹ̀kùn náà báyìí ni aláró ilé kejì yọjú.

"Tíṣà, ṣé ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ kùn ni, àbí ọmọ titun lẹ ń fi òrí pa lára?"

"Ìyá Aláró, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?"

"Òrí tẹ́ ẹ fi para láàárọ̀ ló ń dán! Aró kì í mú aṣọ tó lọ́ràá."

Fáníyì bẹ̀rẹ̀ wò ó: ipa ọwọ́ rẹ̀ kún ibẹ̀. Ó sọ afọ́nọ̀dà kalẹ̀, ó wá ọṣẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀dà náà mú ṣinṣin. Fáníyì gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà aláró.

"Ẹ wá wọkọ̀, Ìyá Aláró. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ọlọ́run ló fi yín sẹ́yìn mi."

"Mo ń bọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín ná."