Iná Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn alùpùpù ju oúnjẹ lọ. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí wọ́n bá ní kó yàn láàárín òun àti alùpùpù náà, òun ò ní dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tí àwọn bíi tirẹ̀ dá sílẹ̀: télọ̀, olùkọ́, akọ̀wé báńkì, ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a di àgọ́ àti ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, wọn a gun òkè gíga kan ní apá Èkìtì, wọn a sùn sórí rẹ̀, wọn a sì padà wálé lọ́jọ́ kejì bí ọmọdé tó ti odò bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú wọn lè bú wọn. Inú wọn ń dùn, wọn ò sì jí ti ẹnikẹ́ni. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni.

Ọ̀nà òkè yẹn kì í ṣe ọ̀nà eré. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́nà lórí kọ́nà, àpáta lápá òsì, ọ̀gbun lápá ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ní òfin kan. Olúkúlùkù ni yóò máa wo dígí rẹ̀ fún iná ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí o bá yọ ní kọ́nà tí o kò rí iná yẹn, dúró. Bí o bá dúró, ẹni tó wà níwájú rẹ kò ní rí iná tìrẹ mọ́, òun náà á dúró, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró náà á máa gun òkè lọ títí á fi dé ọ̀dọ̀ aṣíwájú. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kálukú ń ṣọ́.

Ẹni tó mọ alùpùpù gùn jù ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn pátápátá, torí òun ni yóò gbé ẹni tó bá ṣubú dìde, òun ni yóò lẹ táyà tó bá jò. Bàbá Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é. Bámgbélù ni Bàbá Ẹ̀yìn ẹgbẹ́ yìí, láti kékeré ló sì ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkùnrin tí mò ń sọ yìí. Ọkùnrin náà ló máa ń wà níwájú rẹ̀ gan-an. Iná Bámgbélù ló ń ṣọ́.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọn ò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí ọkùnrin náà wo dígí, tí kò rí iná. Ó dúró. Gbogbo wọn dúró tẹ̀ lé e, ẹrù wúwo lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Alùpùpù akọ̀wé báńkì dà wó, ìkòkò ọbẹ̀ sì yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí Bámgbélù yọ, àgbàdo sísun ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti yà sọ́dọ̀ ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ìyàwó Bámgbélù!" ni télọ̀ ń ké. "Ọkọ ẹ ti dé o! Nu ojú ẹ, má sunkún mọ́!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Bámgbélù náà rẹ́rìn-ín, ó ju àgbàdo kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, má dá àwọn èèyàn dúró torí tèmi mọ́," ló wí. "Àbí o ò mọ̀ mí ni? Ibi yòówù kí n wà, màá bá yín."

Ojú ti ọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ìtìjú kékeré ń pa èèyàn ju ìbínú ńlá lọ. Ó jẹ àgbàdo náà, kò mọ adùn rẹ̀. Wọ́n tún gbéra.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú bọ̀, kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ọkùnrin náà yọ ní kọ́nà kan tó le, ó wo dígí. Kò sí iná. Ó dẹwọ́ díẹ̀, ó tún wò ó. Funfun kùrukùru nìkan ló rí. Ọkàn rẹ̀ ní kó dúró. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín télọ̀ kí télọ̀ tó rín in. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Bámgbélù mà ni. Ó tún ti rí nǹkan jẹ." Ó yí ọwọ́ alùpùpù rẹ̀, ó ń gùn lọ. Ní kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ó tún wò. Nígbà tó yá, kò wo dígí náà mọ́, torí ohun tó ń rí níbẹ̀ kò dára.

Wọ́n dé òkè. Wọ́n pa àgọ́, wọ́n dáná, wọ́n gbé ìrẹsì kaná. Aṣíwájú wo yíká, ó bi wọ́n pé, "Ta ló kù?"

"Bámgbélù ni."

"Háà, tó bá jẹ́ Bámgbélù ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń wá èèyàn, ṣé òun náà á sọnù ni?"

Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n bu ìrẹsì tirẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n dé e. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà wá dìde pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Kùrukùru ti nípọn débi pé èèyàn ò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Aṣíwájú gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ò ní wá èèyàn méjì lọ́la. Ọkùnrin náà lè bá a jà gba kọ́kọ́rọ́ yẹn. Kò jà. Ó jókòó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá Bámgbélù nísàlẹ̀ kọ́nà tó le yẹn gan-an, nínú ọ̀gbun, alùpùpù ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Ó ti kú. Àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí ti débẹ̀ ṣáájú wọn, ó káwọ́ lérí.

"Mo gbọ́ họ́ọ̀nù lánàá," ni àgbẹ̀ náà wí. "Ó ń fọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dákẹ́, á tún fọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó pẹ́ gan-an kó tó dákẹ́ pátápátá. Mo ṣe bí ẹ̀yin ni ẹ̀ ń ṣeré yín. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àmì ẹgbẹ́ wọn fún "ẹ dúró dè mí". Ariwo ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà, àti afẹ́fẹ́ òkè nígbà tí wọ́n dé àgọ́, kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bámgbélù tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró de òun ti bẹ̀ wọ́n títí bátìrì fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó dá ọkùnrin náà lẹ́bi, ìyẹn gan-an ló sì burú jù, torí kò rí ẹni tí yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, ìyá Bámgbélù pè é sẹ́yìn ilé.

"Wọ́n ní ìwọ lo wà níwájú ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Mi ò bá ẹ jà. Ibo lẹ dé tí o ò rí i mọ́?"

Ó mọ kọ́nà náà. Bí wọ́n bá di ojú rẹ̀, ó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Ó tẹrí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá náà dúró, ó ń wò ó, títí ó fi yé e. Ìyá náà ká iborùn rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà, alùpùpù ọkùnrin yẹn wà lẹ́yìnkùlé, ó ti dógùn-ún. Mi ò ní sọ fún ọ pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Kò balẹ̀.

Ó dáa. Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ìwọ náà ní Bàbá Ẹ̀yìn kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni, ẹni tó kó gbogbo yín mọ́ra nígbà tí ìyá yín kú, tó ń gbé ẹni tó bá ṣubú nínú yín dìde, tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó ti pẹ́ tí o ti gbúròó rẹ̀. Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè rẹ̀, ẹ̀rín lo rín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀? Kò sí ohun tó lè ṣe é." O ò fẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ń já láyà lásán. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ọmọ mi, kì í sì í gbé nǹkan kan dání bọ̀.

Dìde. Má pè é lórí fóònù, torí yóò sọ fún ọ pé dáadáa ni òun wà. Wọ ọkọ̀, kí o lọ fi ojú ara rẹ rí i. Bóyá wàá bá a, bóyá o ò ní bá a, èmi ò mọ̀. Lọ báyìí.