Ìbọn Tí Kò Ní Apátí ní Odò-Ọ̀pẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín, tí ìbọn kan bá wà ní igun ilé yín, ì báà jẹ́ èyí tó ti dógùn-ún, ẹ kọ́kọ́ yí ẹnu ẹ̀ sí ògiri kí ẹ tó jókòó. Ẹ má sọ pé kò sí ohun tó lè ṣe. Ẹ ṣáà yí i.

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa: "Ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun?" Ó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Apátí ni irin kékeré tó tẹ̀ bí ẹnu àṣá lára ṣakabùlà. Òun ló ń gbé òkúta ṣá irin, tí iná fi ń ta sí ẹ̀tù. Níbi tí kò bá ti sí apátí, ìbọn ò lè dún. Kí wá ni à ń sá fún? Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Nígbà tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti etí òkun wọlé, tí ọ̀kọ̀ àti ọfà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìlú Odò-Ọ̀pẹ ní. Ọwọ́ Jagun Ọdẹ́yalé, olórí ogun wọn, ló wà. Tó bá fẹ́ yìn ín, yóò rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, yóò fi ọ̀pá kì í, yóò sọ ọta lé e, yóò tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí i létí. Kí ó tó ṣe tán, apó ọlọ́fà ti ṣófo. Síbẹ̀, ariwo ẹ̀ nìkan tó lé ogun. Nígbà tó yá, apátí ẹ̀ kán, alágbẹ̀dẹ ìlú ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọ òmíràn. Ará ilé mọ̀, ọ̀tá ò mọ̀. Jagun sì ń gbé e kọ́ èjìká kiri bẹ́ẹ̀.

Ṣówándé ni oníbodè ìlú náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí í wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó dáhùn ìkíni. Bodè yẹn ló fi ń bọ́ aya àti ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Jagun ní òun fẹ́ dán an wò. Ó yọ lẹ́yìn igi àràbà, ó na ìbọn sí i láyà. Ṣówándé ò dúró béèrè. Ó fo yàrà ìlú, fìlà ẹ̀ bọ́ síhìn-ín, idà ẹ̀ bọ́ sọ́hùn-ún. Àárín ebè iṣu ni wọ́n ti fà á jáde.

Ni Jagun bá pè é lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ Baálẹ̀.

"Ojo ni, Bàbá! Ó mọ̀ pé ìbọn yìí ò ní apátí. Igi ìdáná lásán ló sá fún. Ẹ gba bodè lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ fi lé ọkùnrin lọ́wọ́."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ṣówándé ò lè rẹ́rìn-ín. Tí bodè bá bọ́, kí ni wọn yóò máa jẹ?

Efúnyẹlá, ìyàwó ẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Bàbá Ṣólarú, sọ̀rọ̀! Àbí inú ebè lahọ́n yín kù sí?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá... mo mọ̀ pé kò ní apátí. Orí mi mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni ò gbọ́." Ẹ̀rín tún sọ. "Ṣùgbọ́n... ẹ jẹ́ kí n gbé e dání díẹ̀. Kí Jagun náà dúró níwájú ẹ̀."

"Kí ló le níbẹ̀?" Jagun gbé ìbọn fún un, ó ta àyà síwájú.

Ṣówándé rọra gbé e sókè. Ó na ẹnu ẹ̀ sí Jagun láyà. Jagun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo inú ihò yẹn, tó dúdú bí ihò òkété. Ó sún díẹ̀ sọ́tùn-ún. Ìbọn tẹ̀lé e. Ó sún sósì.

"Bàbá Jagun, ibo lẹ ń lọ?" Efúnyẹlá ló béèrè.

"Oòrùn ló ń ta mí lójú."

"Ẹ̀yìn yín loòrùn wà, Bàbá."

Ṣówándé yí padà kí ó lè wo ojú Baálẹ̀, ìbọn sì bá a yí. Háà! Àwọn ìjòyè ọwọ́ ọ̀tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn tòsì ń sá sẹ́yìn ara wọn. Baálẹ̀ fúnra ẹ̀ ti wà lẹ́yìn àpótí ìjókòó. Ṣóńṣó fìlà ẹ̀ nìkan là ń rí.

"Ṣówándé! Kọjú nǹkan yẹn sígbó!"

"Bàbá, kò ní apátí."

"Mo ní kí o kọjú ẹ̀ sígbó!"

Ó kọjú ẹ̀ sígbó. Baálẹ̀ rọra dìde, ó gbọn eruku aṣọ ẹ̀, ó rí àwọn ìjòyè nílẹ̀, ẹ̀rín sì pa á títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun? Padà sí bodè rẹ, Ṣówándé. Ẹni tó ń tètè rí ewu la fẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí o bá ń sá, máa pariwo, kí àwa náà lè gbọ́, kí a sì sá."

Bí àwọn èèyàn ṣe ń tú ká, Efúnyẹlá sáré bá Jagun lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ dákun, kí lẹ rí nínú ihò yẹn?"

Jagun gba ìbọn ẹ̀ lọ́wọ́ Ṣówándé tó tẹ̀lé ìyàwó ẹ̀ dé, ó gbé e kọ́ èjìká, ẹnu ẹ̀ dojú kọ sánmà.

"Mi ò ní í sọ nǹkan kan mọ́," ó ní, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ.