Ayékòótọ́ Ra Kọ̀ǹpútà Tirẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé kí n pàlọ́?
Pa á, a ó gbè é!

Ayékòótọ́ ń tọ́jú orin gbogbo ẹyẹ sínú kọ̀ǹpútà ńlá tó háyà lọ́wọ́ Erin. Ọwọ́ Erin ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Àdàbà, ó sáré lọ gba orin. Erin ń wẹ̀. Ó padà lọ, Erin ń jẹun. Lẹ́ẹ̀kẹta, Erin ti sùn. Ẹ gbọ́, ìyàwó wọlé láìsí orin!

Ojú ti Ayékòótọ́. Ó ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó kó orin síbẹ̀. Òjò dé, ó fi ìyẹ́ bò ó. Eèrà dé, ó ṣà wọ́n kúrò.

Àdàbà ní, "Ọ̀rẹ́ mi, wàhálà yìí mà pọ̀ o!"

"Ó pọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́."

Nígbà tí Àdàbà ń sọ ọmọ lórúkọ, orin bú jáde:

Ilé mi lorin ti ń wá,
Jó o, Àdàbà, jó!

Erin pàápàá jó dé. Orí ijó ni mo fi gbogbo wọn sí. Wọn ò tíì jókòó.