Abẹ́rẹ́ Tó Sọnù Sínú Adìẹ

Mopélọ́lá ti sáré dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kí ó tó mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ òsì òun ti já sọ́nà. "Ẹ dá wọn dúró o! Adìẹ ti gbé abẹ́rẹ́ mì!"

Akọ̀wé tuntun tó wà nídìí rédíò gbójú sókè. "Àǹtí, ẹ tètè dúńbú ẹ̀. Kí ẹ má gbàgbé itan tèmi o."

Kò mọ̀ pé Adìẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré yẹn ń pe ọkọ̀ wọn, nítorí pé bó bá fò, kì í pẹ́ tó fi ń bà. Abẹ́rẹ́ sì ni sukurudiráfà tín-ín-rín kan tí kò gùn ju ìka lọ. Mopélọ́lá ló ń tọ́jú irinṣẹ́. Ó ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sára pákó tó ń gbé wọn kọ́ sí, kí ó lè tètè mọ èyí tí kò tíì dé. Láàárọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí Bàbá Ògúnṣeyè tó ń tún ọkọ̀ ṣe dá irinṣẹ́ padà, ojú àwòrán kan ṣófo.

Akọ̀wé ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ, èrò mẹ́fà nínú. Mopélọ́lá bọ́ bàtà tó kù, ó sáré lọ dúró síwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Awakọ̀ náà, Ọ̀gá Ládérìn, pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú. "Nítorí irin tí kò tó ìka? Mopé, bí a ò bá rí i nínú ọkọ̀ yìí, ilé lo máa gbà lọ lónìí."

"Mo gbọ́, sà."

Bàbá Ògúnṣeyè búra pé gbogbo irinṣẹ́ lòún dá padà. Mopélọ́lá kò bá a jiyàn. Ohun tó ń rò ni ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà náà dé kẹ́yìn. Ó wo orúnkún rẹ̀: eruku lásán. Ó wo aṣọ rẹ̀: gíríìsì kún apá òsì títí dé èjìká, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá fi ń ṣiṣẹ́.

"Bàbá, níbo nínú ọkọ̀ yìí ni ọwọ́ ọ̀tún kì í wọ̀?"

Bàbá ronú díẹ̀. "Ìdí ìrù ni, ọmọ mi. Òsì nìkan ló ṣeé kì bọ̀ ọ́." Ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè!"

Wọ́n tú irin pẹlẹbẹ tó bo ìdí ìrù. Abẹ́rẹ́ rèé, ó sùn sáàárín okùn wáyà méjì tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀. Ọ̀gá Ládérìn ní kí wọ́n fa okùn náà láti iwájú. Wọ́n fà á. Irin kékeré náà yí, ó há. Ìrù ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

"Ká ní òkè ni ọkọ̀ wà ńkọ́?" ni akọ̀wé tó ti tẹ̀lé wọn débẹ̀ béèrè. Ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá Ládérìn fọwọ́ ara rẹ̀ yọ irin náà, ó gbé e lé Mopélọ́lá lọ́wọ́, ó ṣí fìlà fún un, ó sì rìn kúrò níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu àgbà, tí wọ́n fi ń wí pé: bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.