Ìtẹ́ Tó Lanu Sókè

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ gbè é dáadáa, ó ti rẹ̀ mí. Ààlọ́ mi bà sórí ọ̀pẹ, ó bá Ẹ̀gà àti ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gà máa ń dojú ìtẹ́ kọ, kí òjò má baà wọlé. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gà yìí rí akèǹgbè ẹlẹ́mu. Lọ́jọ́ kìíní ó mu ún, ó ní ó rẹ òun. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òtútù ń mú òun. Lọ́jọ́ kẹta kò wá àwáwí mọ́: ó mu àmupara, ó sì dojú ìtẹ́ tuntun kọ ọ̀run.

Ìyàwó rẹ̀ yé ẹyin síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un hun. Ẹyin ti pa."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Àwọn aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. "Jẹ́ ó gbádùn ara rẹ̀, ìyàwó! Ọkùnrin ni!"

Òjò dé bá Ẹ̀gà lójú oorun ọtí, ìyàwó rẹ̀ sì ń ké pè é. Ẹ gbè mí:

Ẹ̀gà, jí o, ilé kún fómi,
Jáńjálá!
Ọmọ rẹ ò tíì níyẹ̀ẹ́,
Jáńjálá!

Kò jí. Gbogbo ọmọ kú sómi.

Àwọn aládùúgbò wá dárò. Ìyàwó Ẹ̀gà ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ̀rín yín ti wọlé wa kí òjò tó wọlé."

Ibẹ̀ ni ààlọ́ mi ti fò lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí ọtí tàbí igbó bá ń pa lójú yín, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un.