Ìdè Ọrùn tí Ọdẹ́rìndé Kọ́ Nínú Igbó Ìtàkùn

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ sún mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìdí igi iṣin tí àwọn àgbà ti ń sọ ìtàn yìí fún wa, ṣùgbọ́n bí odò tilẹ̀ gbẹ, orúkọ rẹ̀ kì í gbẹ.

Ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ ọdẹ sì ni. Ìjàkadì ni eré rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀, Àwẹ̀ró, lọ ṣẹ́gi, iwin Igbó Ìtàkùn sì gbé e lọ. Ọdẹ́rìndé ní, "Ọmú kan la jọ mu. Bí igbó náà yóò bá gbé mi mì, kí ó gbé mi mì." Ó wọgbó.

Igbó náà ṣú bí inú ìkòkò, ó dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Ìtàkùn di Àwẹ̀ró mọ́ igi títí dé àyà. Iwin tó gbé e lúgọ tì í, kò ga ju orúnkún ọdẹ lọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn bí òjòlá. Arọ̀mọ́ni ni orúkọ rẹ̀.

"Ta ni ń tẹ ewé mi mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ tó já okùn?"

"Èmi ni. Àbúrò mi ni mo wá mú."

"Bá mi jà. Bí o bá borí, ẹ máa lọ. Bí mo bá borí, ẹ̀yin méjèèjì yóò di ìtàkùn."

Ọdẹ́rìndé gbé e sókè bí ẹni gbé igbá, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ nalẹ̀ gbìì! Ó nàró, ó na ọwọ́ sókè bí wọ́n ti ń ṣe nílé, ó ń retí ìhó ayọ̀. Ó ṣìṣe! Nínú igbó yẹn, ìgbà tí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀ ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Arọ̀mọ́ni fi ẹsẹ̀ wé e, ó fà á lulẹ̀, ó gùn ún lẹ́yìn, ó fi apá wé ọrùn rẹ̀. Ojú ọdẹ ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ láìmọ̀, iwin sì tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Èéṣe tí o fi tú mi?"

"Òfin wa ni. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀ tàbí ara ẹni tó dì í mú ti gbà pé a borí òun. Ṣùgbọ́n kò sí iyì nínú bíborí òpè. N ó kọ́ ọ, a ó sì tún jà; ìyẹn ni ìkẹyìn. Ìtàkùn kì í lu igi, wíwé ló ń wé e. Gba ẹ̀yìn mi. Ki ìgbọ̀nwọ́ bọ abẹ́ àgbọ̀n mi, fi àtẹ́lẹwọ́ di apá rẹ kejì mú, gbé ọwọ́ tó kù sẹ́yìn orí mi bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Ó tì o! O ń fún mi bí ẹni ń fún ewúro! Agbára kọ́. Fẹ àyà, kí o sì dúró."

Àwẹ̀ró ké, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè gbọ́ ohun tó ń wí o, ìtàkùn yìí ti dé ọrùn mi!"

Wọ́n dìde, wọ́n wọ̀yá ìjà. Wọ́n ń yí gbirigbiri lórí ewé, eruku ń sọ. "Ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yìn rẹ̀ ni!" Ọdẹ́rìndé gba ẹ̀yìn, apá rẹ̀ rí ọrùn, ó fẹ àyà, ó dúró. Igbó pa lọ́lọ́. Nígbà náà ni ọwọ́ iwin rọra gbá apá rẹ̀, pẹ́, pẹ́.

Ọkàn ọdẹ wí pé: fún un díẹ̀ sí i, ṣebí òun ló jí Àwẹ̀ró gbé. Ó wa eyín pọ̀. Ó rántí ojú tirẹ̀ tí ó ṣú, ó sì tú u.

Ìtàkùn já sílẹ̀ lára Àwẹ̀ró. Arọ̀mọ́ni ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀pọ̀ ló ti mọ dídì kí o tó dé, títú ni wọn kò mọ̀. Wò wọ́n lókè." Ọdẹ́rìndé gbójú sókè, ó rí i pé apá ènìyàn ni gbogbo ìtàkùn igbó náà, wọ́n ṣì di igi mú.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò délé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí Ọdẹ́rìndé bá dá, òun náà ló ń fà á dìde.

Ẹ̀yin ọmọ ilé mi, bí ẹ bá di ẹnìkan mú, ẹ tẹ́tí sí ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹ máa dì í re, kí ẹ sì tètè máa tú u.